Lẹ́tà kan jáde nínú DNA, ọ̀rọ̀ dàrú. Mẹ́ta jáde, ó tún gún: kí ló fà á?

Tíṣà Mọ̀pà:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní Mọ̀pà níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a dé orí ìyípadà inú jíìnì. Mo ṣàlàyé pé lẹ́tà mẹ́rin ni DNA fi ń kọ̀wé, A, C, G àti T; pé mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń kà wọ́n; pé mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní codon, ló ń pe amino acid kan, ìyẹn ẹyọ kan nínú ohun tí a fi ń kọ́ púrótéènì, wá sínú púrótéènì. Mo ní bí lẹ́tà kan bá yí padà sí òmíràn, bíi ti fòníkú-fọ̀ladìde, amino acid kan ṣoṣo ló sábà máa ń yí. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kan bá jáde pátápátá, tàbí tí kan bá wọlé láìpè, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa dàrú. Ìyẹn ni frameshift.

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Sà, tí ẹyọ kan tó jáde bá lè ba nǹkan jẹ́ tó báyìí, ṣé mẹ́ta tó bá jáde á wá burú ní ìlọ́po mẹ́ta ni?” Mo ní rárá o, ó tilẹ̀ lè sàn ju ti ẹyọ kan lọ. Ariwo ta nínú kíláàsì, wọn ò gbà. Mo ṣí ìwé fún wọn, ibẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbólóhùn kan péré ni ìwé náà fi sọ ọ́ tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo ń wá nǹkan tí mo lè kọ sójú pátákó, tí ọmọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé máa wò tí yóò yé e yékéyéké. Èkejì, ṣé a rí àpẹẹrẹ nínú ara èèyàn, èyí tó sún mọ́ wa, tí kì í ṣe ti kòkòrò inú ìgò?

Ọmọ Ìsánlú:

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn àbúrò wa. Biochemistry ni mò ń kà ní Lọ́kọ́ja.

Ohun tí ọmọ yẹn béèrè, òun gan-an ni Francis Crick, Sydney Brenner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn méjì fi mọ̀ pé mẹ́ta-mẹ́ta la ń ka DNA, ní Cambridge lọ́dún 1961. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa bakitéríà, T4, ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Wọ́n lo kẹ́míkà kan, proflavin, tó máa ń jẹ́ kí lẹ́tà wọlé tàbí kó jáde. Fáírọ́ọ̀sì tí lẹ́tà kan wọ inú jíìnì rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́. Èyí tí méjì wọ̀ náà kò lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá kó mẹ́ta jọ sínú jíìnì kan ṣoṣo, fáírọ́ọ̀sì náà dìde, ó ń ṣiṣẹ́! Ẹ rántí pé nígbà yẹn kò sí ẹ̀rọ tó lè ka DNA lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ihò tí fáírọ́ọ̀sì ń dá sí àárín bakitéríà lórí àwo ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ iye lẹ́tà tí codon ní. Lọ́dún 1961 kan náà ni Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei ní Amẹ́ríkà fi hàn pé RNA (ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ láti inú DNA, tó ń fi U rọ́pò T) tó jẹ́ kìkì U máa ń pe amino acid kan, phenylalanine, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí codon kọ̀ọ̀kan ń pè nìyẹn.

Ti àpẹẹrẹ inú ara èèyàn, mo mọ̀ pé Ìyá Láábù máa dá sí i. Ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n.

Ìyá Láábù Kàbà:

Mo ti dé o. Okun o, Tíṣà. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yẹn, ẹ sọ fún un pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á lẹ́nu mọ́ nínú kíláàsì.

Ti pátákó ni kí n kọ́kọ́ mú. Ẹ kọ gbólóhùn tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, ẹ má fi àmì ohùn sí i:

IYA ADE GUN ATA FUN ỌBA

Kò sí ọmọ tí kò ní mọ ohun tó ń sọ. Ẹ wá nu D inú ADE kúrò. Ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ o, torí DNA kì í fi àyè sílẹ̀, kò ní kọ́mà, kò ní àlàfo. Àwọn lẹ́tà tó kù á sún síwájú, kí ẹ tún wọn pín ní mẹ́ta-mẹ́ta:

IYA AEG UNA TAF UNỌ BA

IYA ṣì dúró, torí ó ṣáájú ibi tí lẹ́tà ti jáde. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ní láárí mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó dáadáa: G, U, N, A, T, A, gbogbo wọn ló pé, wọ́n sì tò bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ibi tí a ti ń gé wọn ló yẹ̀. Tí èyí bá ti yé ọmọ, ìyókù á rọrùn fún un.

Ẹ dá D padà, kí ẹ wá nu ADE lódindi:

IYA GUN ATA FUN ỌBA

A ò gbọ́ orúkọ Adé mọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ní orí, ó ní ìdí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún nu D nìkan, kí ẹ sì fi K kan sí iwájú díẹ̀:

IYA AEG UNK ATA FUN ỌBA

Àárín ibi tí ọ̀kan ti jáde àti ibi tí ọ̀kan ti wọlé ló dàrú, ẹ̀yìn rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Àwọn Crick náà rí irú èyí lórí àwo wọn.

Nítorí náà, iye lẹ́tà tó jáde tàbí tó wọlé ni kí ọmọ máa pín sí mẹ́ta. Bí kò bá ṣẹ́ kù, kíkà kò yẹ̀. Bó bá ṣẹ́ ku kan tàbí méjì, ó yẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má lọ rò pé mẹ́ta tó jáde kì í ṣèèyàn ní nǹkan kan o. Lára àwọn òyìnbó, àìsàn kan wà tó ń jẹ́ cystic fibrosis, tó ń jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó sábà máa ń fà á ni lẹ́tà mẹ́ta péré tó jáde nínú jíìnì CFTR. Amino acid kan ṣoṣo, phenylalanine tó wà ní ipò 508, ni kò sí. Kíkà kò yẹ̀ rárá, síbẹ̀ púrótéènì náà kò lè ká bó ṣe yẹ kó ká, sẹ́ẹ̀lì sì ń dà á nù. Ipò tí nǹkan wà ṣe pàtàkì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ara wa. Àpẹẹrẹ tí ẹ ń wá wà nínú jíìnì kan náà tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde, beta-globin, tó ń ṣe apá kan hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀, lórí chromosome 11. Òun là ń wá kiri nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣègbéyàwó bá mú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wá bá wa pé ká wo genotype wọn. Codon kẹfà rẹ̀ ni GAG, tó ń pe glutamic acid. (A kì í ka codon ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.) Bí A tó wà láàárín bá di T, GTG nìyẹn, valine ló ń pè, òun là ń pè ní S. Bí G àkọ́kọ́ ló bá di A, ó di AAG, lysine, ìyẹn ni C tí ẹ máa ń rí nínú AC. Nínú méjèèjì, iye lẹ́tà kò dín, kò lé, gbogbo ìyókù sì gún régé.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, pàápàá láwọn ìlú tó yí òkun Mẹditaréníà ká, tí A yẹn gan-an kò yí sí nǹkan kan. Ó jáde ni. Ẹ kọ ọ́ síbi tí àwọn ọmọ ti máa rí i, láti orí codon karùn-ún:

Bó ṣe yẹ kó rí: CCT GAG GAG AAG TCT GCC GTT ACT GCC CTG TGG GGC AAG GTG AAC GTG

S: CCT GTG GAG AAG TCT GCC GTT ACT GCC CTG TGG GGC AAG GTG AAC GTG

A jáde: CCT GGG AGA AGT CTG CCG TTA CTG CCC TGT GGG GCA AGG TGA

Ẹ má kà á fún wọn. Ẹ fún wọn ní ìlà àkọ́kọ́ nìkan, ẹ ní kí wọ́n yọ A, kí wọ́n fúnra wọn fi bírò gé e ní mẹ́ta-mẹ́ta títí wọ́n á fi kan TGA. TGA jẹ́ àmì ìdádúró. Beta-globin tó pé ní amino acid 146. Ti èyí dúró lẹ́yìn 17, àwọn tó wà láti ìkẹfà sì ti di nǹkan mìíràn.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé níbo ni TGA ti wá. Kí wọ́n padà sí ìlà àkọ́kọ́, níbi GTG AAC. TG ló parí ọ̀kan, A ló bẹ̀rẹ̀ ìkejì. TGA ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nínú ara èmi àti ẹ̀yin, ṣùgbọ́n ààlà codon pín in sí méjì, kò sì sí ohun tó kà á papọ̀. Ìgbà tí kíkà yẹ̀ ló tó yọjú. Mẹ́ta ni àmì ìdádúró nínú codon 64, TAA, TAG àti TGA, nítorí náà bí a bá ti ń ka lẹ́tà láti ibi tí kò tọ́, ọ̀kan nínú wọn kì í pẹ́ dé. Ìdí nìyí tí púrótéènì frameshift fi sábà máa ń kúrú. Sẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ ní ọ̀nà tó fi ń mọ ẹ̀dà RNA tí ìdádúró rẹ̀ tètè dé jù, ó sì máa ń fọ́ ọ túútúú kí ó má bàa máa ṣe púrótéènì aláàbọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gùn báyìí ló kù. Lórí tábìlì wa, iná mànàmáná la fi ń wọ́ hemoglobin lórí cellulose acetate, nínú omi tí pH rẹ̀ súnmọ́ 8.6. Glutamic acid ní agbára iná òdì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí hemoglobin A sáré jù síhà pósítíìfù. Valine kò ní in, S bá rẹ̀yìn. Lysine ní òdìkejì rẹ̀, C bá rẹ̀yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tí kálukú dúró sí ni a ń kà tí a fi ń kọ AA, AS, AC. Jíìnì tó ní frameshift ńkọ́? Kò sí púrótéènì tó tibẹ̀ jáde. Kò sí ohun tí iná máa wọ́. Kò ní ìlà.

Ẹ rò ó síwájú díẹ̀. Ẹni tó gba A lọ́wọ́ òbí kan, tó gba frameshift lọ́wọ́ èkejì, ìlà A nìkan ló máa hàn gbangba, a ó kọ AA fún un. Ẹni tó gba S lọ́wọ́ ìyá, tó gba frameshift lọ́wọ́ bàbá, ìlà S ló máa hàn, a ó kọ SS, ìrora rẹ̀ á sì dà bíi ti SS. Ìyá AS, bàbá “AA”, ọmọ “SS”. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nínú ilé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé. Obìnrin ni wọ́n máa kọjú sí. Mo ti rí ìyàwó tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n má ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Èyí kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí S ṣe wọ́pọ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé àyẹ̀wò ló ṣì: wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn sára ìgò, tàbí bàbá tó jẹ́ AS ni wọ́n kọ AA fún láti ìgbà tó wà nílé ìwé tí kò sì tún un ṣe mọ́. Nítorí náà ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe níbòmíràn, ti bàbá, ti ìyá àti ti ọmọ, lọ́jọ́ kan náà. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo bí sẹ́ẹ̀lì pupa bàbá ṣe tóbi tó, èyí tí wọ́n ń kọ sí MCV, kí wọ́n sì wọn hemoglobin A2 rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kéré, tí A2 sì lé ní 3.5 nínú 100, thalassemia ni kí dókítà kọ́kọ́ fura sí. Thalassemia lorúkọ gbogbo irú èyí tí globin kò jáde tó, frameshift sì wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà tó wà níbí, ẹ má jẹ́ kí ìwé pélébé kan tú ilé ká kí àyẹ̀wò tó pé.

Àgbẹ̀ Ìjùmú:

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Ṣé gbogbo ẹni tó bá ní frameshift ló máa ń ṣàìsàn ni? Ṣé èèyàn kò lè ní in, kó sì máa lọ oko, kó máa bọ̀?

Ìyá Láábù Kàbà:

Bọ̀dá, blood group yín ńkọ́? Bó bá jẹ́ O, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ní in, ẹ̀dà méjèèjì.

Jíìnì tó ń pín wa sí A, B àti O wà lórí chromosome 9. Ẹ́ńsáìmù ló ń ṣe. Ti A máa ń so irú ṣúgà kan mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì pupa, ti B ń so irú mìíràn. Lọ́dún 1990 ni Fumiichiro Yamamoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka jíìnì náà, tí wọ́n sì rí i pé O tó wọ́pọ̀ jù kò yàtọ̀ sí A lọ títí. G kan ṣoṣo ló jáde. Kíkà yẹ̀, àmì ìdádúró yọjú, púrótéènì tó yẹ kó ní amino acid 354 dúró sí 117. Kò lè so ṣúgà kankan. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹlẹ́jẹ̀ O bá wà láìní A, láìní B, ìdí sì nìyẹn tí a fi lè fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀.

O ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Kò pa wá lára lójú ayé, ó tilẹ̀ ní oore kan: ìwádìí fi hàn pé ibà ẹ̀fọn falciparum tó le gan-an kì í sábà mú ẹlẹ́jẹ̀ O bó ṣe ń mú àwọn yòókù. Kì í ṣe pé ibà kì í ṣe é o, ẹ máa sùn sábẹ́ àpò ẹ̀fọn.

Tíṣà, bí ẹ bá fẹ́ èyí tó sún mọ́ àwọn ọmọ jù, èyí ni kí ẹ lò. Ẹ ní kí àwọn tó bá mọ̀ pé O ni wọ́n na ọwọ́ sókè.

Ọmọ Ìsánlú:

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. CCR5 ni púrótéènì tí HIV sábà máa ń dì mú wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan wà, pàápàá ní àríwá Yúróòpù, tí lẹ́tà 32 jáde nínú jíìnì rẹ̀. Ẹ pín 32 sí mẹ́ta, ó ku méjì, kíkà yẹ̀. Ẹni tó ní in lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ irú HIV kì í rí i wọ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Timothy Ray Brown, tó ń gbé ní Berlin, ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àti HIV; lọ́dún 2007 wọ́n fún un ní mùdùnmúdùn láti ara ẹni tó ní 32 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, HIV sì kúrò lára rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwa èèyàn dúdú.

HIV fúnra rẹ̀ sì máa ń lo frameshift. Níbì kan lórí RNA rẹ̀, tó kà báyìí: UUUUUUA, ribosome, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ka RNA, máa ń yọ̀ padà sẹ́yìn lẹ́tà kan, bí ìgbà 5 sí 10 nínú 100. Bí kò bá yọ̀, ó ṣe púrótéènì Gag, ó dúró. Bó bá yọ̀, ó rékọjá àmì ìdádúró, ó ṣe èyí tó gùn tí ẹ́ńsáìmù fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó fa Kòrónà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní èyí, mi ò sùn bọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì Bùnú:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mi ò mọ̀wé bíi tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin máa ń ṣubú lóòrè-kóòrè. Bó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, á fi ọwọ́ ti itan ara rẹ̀ kó tó nàró. Ọ̀rá ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn kan ní alágbára ọmọ ni. Wọ́n ti gbé e kiri ilé àdúrà. Dókítà kan wá ní Duchenne ni, àìsàn kan tó ń ba iṣan jẹ́, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, ìwé tó padà wá ní “exon 50” ni kò sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní àìsàn tó fara jọ ọ́, ohun tó jáde nínú tirẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ, àmọ́ ó ti di ọkùnrin, ó ṣì ń rìn. Báwo ni ti ẹni tí nǹkan púpọ̀ jáde nínú tirẹ̀ ṣe wá sàn ju ti ẹni tí díẹ̀ jáde? Ṣé ayé ló wà nídìí rẹ̀?

Ìyá Láábù Kàbà:

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí àbúrò yín àti ìyàwó rẹ̀. Ayé kọ́. Mo fẹ́ kí ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹbí, nítorí náà kí n fara balẹ̀.

Jíìnì tí ọ̀rọ̀ kàn ń jẹ́ dystrophin, ó wà lórí chromosome X. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin ló sábà máa ń mú. Púrótéènì rẹ̀ ló ń gbá ara iṣan mú kó má fàya nígbà tí iṣan bá ń fà. Ègé 79 ni wọ́n kọ jíìnì náà sí, ègé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní exon. Sẹ́ẹ̀lì máa ń so gbogbo wọn pọ̀ kó tó kà wọ́n.

Exon 50 ní lẹ́tà 109. Ẹ pín in sí mẹ́ta: 36, ó ku kan. Kíkà yẹ̀ láti ibẹ̀, àmì ìdádúró dé, dystrophin kò jáde. Duchenne nìyẹn. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ yín, bí iye lẹ́tà tó jáde bá pín sí mẹ́ta láìṣẹ́kù, orí púrótéènì pé, ìdí rẹ̀ pé, àárín rẹ̀ ló kúrú. Iṣan ṣì ń rí nǹkan dì mú. Wọ́n ń pe ìyẹn ní Becker, ó sì máa ń rọjú ju Duchenne lọ. Àwọn kan wà tí ègé púpọ̀ jáde nínú tiwọn tí wọ́n ṣì ń rìn ní àgbà.

Orí èyí ni àwọn onímọ̀ dúró lé tí wọ́n fi ṣe irú oògùn kan. Exon 51 ní lẹ́tà 233. Bí a bá mú kí sẹ́ẹ̀lì fo òun náà, 109 àti 233 jẹ́ 342, ó pín sí 114 géérégé. Kíkà padà bọ̀ sípò. Eteplirsen ni orúkọ ọ̀kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2016. Mi ò ní tàn yín jẹ: kì í wo àìsàn náà sàn, díẹ̀ ni dystrophin tó ń mú jáde, àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe ń ranni lọ́wọ́ tó, owó rẹ̀ sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìjọba, ká má tíì sọ ti ìdílé kan. Ṣùgbọ́n exon 50 jẹ́ ara àwọn tí irú oògùn yìí bá mu. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn dáadáa, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, nítorí ibikíbi tí ìwádìí tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà exon ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Èyí tó wà ní àrọ́wọ́tó nísinsìnyí: ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ọmọdé nípa oògùn steroid, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n rìn pẹ́ sí i, dókítà ló sì máa díwọ̀n rẹ̀. Kí oníṣẹ́ físíò kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń na ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí iṣan má bàa kákò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kó máa sáré kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le. Kí wọ́n máa yẹ ọkàn rẹ̀ àti mímí rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kódà bí kò bá ráhùn, torí ọkàn náà jẹ́ iṣan. Kí ẹ sì sọ fún ilé ìwé rẹ̀, kí wọ́n má nà án pé ó ń lọ́ra.

Ó ku ti ìyá rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìyípadà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú tiwọn, tí ìyá kò gbé e. Ìyókù, ìyá ló gbé e láìmọ̀, kò sì sí ohun tó ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan náà ló máa sọ ìhà tí tirẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé ó gbé e, kí òun náà máa lọ wo ọkàn rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, kí àwọn arábìnrin rẹ̀ sì mọ̀ kí wọ́n tó lóyún. Ẹ kọ nọ́ńbà exon tó wà nínú ìwé ti ọmọ ọ̀rẹ́ yín síbí bí ẹ bá rí i gbà, ẹ má kọ orúkọ ọmọ, ká jọ ṣírò rẹ̀.